Pùrósẹ́sọ̀ Ló Ń Pààlà fún Ráàmù

Nọ́ńbà kékeré kan wà lára ráàmù kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà. Bí oníbàárà bá dúró níwájú ìsọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ahmadu Bello Way ní Kàdúná, iye gìgábáìtì ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́yìn náà ni yóò wò ó bóyá ráàmù náà máa wọ ihò tó wà nínú ẹ̀rọ òun, ìnájà á sì bẹ̀rẹ̀. Fóltì kì í wọ inú ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yìí, ìbáà jẹ́ 1.35, 1.5 tàbí 1.65, ló ń sọ bí iná tí ráàmù náà ń jẹ ṣe le tó. Àwọn tó tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ráàmù nìkan ni. Wọ́n á ní bí ilé iṣẹ́ tó ṣe ráàmù bá ti kọ 1.65 sí i lára, kí a fún un ní 1.65, ó parí. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá wọn jiyàn. Iná tí a bá gbé fún ráàmù kì í dúró lọ́dọ̀ ráàmù. Ó ń dé ara pùrósẹ́sọ̀, pùrósẹ́sọ̀ ló sì gbẹgẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ń to kọ̀ǹpútà tuntun, tàbí tó ń fi kún ráàmù inú àlòkù, ní láti kọ́kọ́ mọ iye fóltì tí pùrósẹ́sọ̀ rẹ̀ lè gbà, kí ó tó wá ráàmù tí kò ní kọjá ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ti ẹ̀yìn bọ̀ ọ́: ráàmù là ń kọ́kọ́ rà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará Kàdúná ju bó ṣe kan ẹni tó ń ra kọ̀ǹpútà tuntun nínú páálí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ, nítorí pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí à ń lò. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe pẹ̀lú ibùdó Àdéhùn Basel tó wà ní Ìbàdàn, tó jáde ní 2018, fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná àlòkù ló gba èbúté Èkó wọlé lọ́dọọdún ní 2015 àti 2016, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan o. Tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, fíríìjì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni láptọ́ọ̀pù àlòkù ń gbà dé Computer Village ní Ìkẹjà, kí ó tó gòkè wá sí Àríwá. Ọjọ́ orí wọn kì í dọ́gba. Lórí tábìlì kan ṣoṣo, a lè bá HP EliteBook 8460p tó jáde ní 2011, a lè bá EliteBook 840 G1 tó tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, a sì lè bá ThinkPad T460 ti 2016. Ráàmù tí wọ́n yọ lára àwọn ẹ̀rọ tó ti kú á wà nínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, láìsí páálí, láìsí ìwé. Nígbà tí ẹ̀rọ náà wà ní tuntun, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló fi ráàmù tó bá pùrósẹ́sọ̀ mu sínú rẹ̀. Ní kété tí a bá ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ ní Kàdúná láti fi kún un, iṣẹ́ ìbáramu yẹn ti di ti ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà.

Nígbà kan rí, pùrósẹ́sọ̀ kì í bá ráàmù sọ̀rọ̀ ní tààrà. Ṣíìpù kan wà láàrin wọn lórí bọ́ọ̀dù, northbridge ni wọ́n ń pè é, òun ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀kan fún èkejì. Bí ẹnì kan bá gbé fóltì ráàmù DDR2 kúrò ní 1.8 tó bá ìlànà mu lọ sí 2.2, northbridge ló ń forí fá a, àwọn tiransísítọ̀ rẹ̀ sì tóbi débi pé wọ́n sábà máa ń fara dà á. AMD ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ alárinà yìí wọ inú pùrósẹ́sọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà tí à ń lò, ní 2003, pẹ̀lú Opteron àti Athlon 64. Intel ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, nígbà tí Core i7 àkọ́kọ́ jáde. Láti ìgbà náà ni ojú ọ̀nà bàbà tíntìnrín tó wà lórí bọ́ọ̀dù ti so ẹsẹ̀ ráàmù mọ́ ẹsẹ̀ pùrósẹ́sọ̀ láìsí ẹnikẹ́ni láàrin. Ní ti DDR3, orísun iná kan náà ló ń bọ́ àwọn méjèèjì: ẹ̀yà bọ́ọ̀dù tó ń sọ iná tó le di 1.5 ń gbé 1.5 yẹn fún ráàmù, ó sì ń gbé e fún apá pùrósẹ́sọ̀ tó ń darí ráàmù. Ó dà bí ẹ̀rọ omi kan tó ń fa omi sí ilé méjì. Bí a bá fi kún agbára rẹ̀ nítorí ilé kan, páìpù ilé kejì á gbà nínú rẹ̀, bó bá jẹ́ páìpù tí kò nípọn, òun ni yóò kọ́kọ́ bẹ́. Ẹni tó wọ BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tí a ti ń yan fóltì, tó sọ 1.5 di 1.65 nítorí ráàmù ti fi kún ti pùrósẹ́sọ̀ náà. Intel kò fi èyí pamọ́ nígbà náà. Wọ́n kìlọ̀ pé fóltì ráàmù tó bá kọjá 1.65 lè ba Core i7 yẹn jẹ́ láìní àtúnṣe, àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù sì lẹ ìkìlọ̀ náà mọ́ ibi tí ráàmù ń wọ̀.

Kí ló dé tí pùrósẹ́sọ̀ fi gbẹgẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Tiransísítọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní awọ kan tó ń dí iná lọ́nà kí ó má gba ibi tí kò yẹ kọjá. Nánómítà díẹ̀ ni awọ náà nípọn. Fóltì tó bá pọ̀ jù kì í sábà fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, títí iná á fi rí ojú ọ̀nà gba àárín rẹ̀ kọjá, ooru sì ń mú kí ìjẹra náà yá sí i. Bí àwọn tó ń ṣe ṣíìpù ti ń sọ tiransísítọ̀ di kékeré sí i láti mú kí ó yára, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dín fóltì kù, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Core i7 ti 2008 jẹ́ 45 nánómítà. Jẹnẹréṣọ̀n kejì ní 2011 jẹ́ 32. Jẹnẹréṣọ̀n kẹta àti ìkẹrin jẹ́ 22. Jẹnẹréṣọ̀n kẹfà, tí Intel pè ní Skylake, jẹ́ 14 nígbà tó jáde ní 2015. Fóltì ráàmù ń bá wọn sọ̀ kalẹ̀: DDR àkọ́kọ́ ń jẹ 2.5, DDR2 1.8, DDR3 1.5, DDR4 1.2, DDR5 tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2020 sì ń jẹ 1.1. Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń wo 1.5 àti 1.65 lè fojú kéré. Bí fóltì bá lé, agbára tí ṣíìpù ń jẹ kì í lé ní ìwọ̀n kan náà. Fóltì ní ìlọ́po ara rẹ̀ ló ń tẹ̀lé. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni 1.65 fi ju 1.5 lọ, ṣùgbọ́n agbára tó ń di ooru á fi nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, bí eré ráàmù kò bá tilẹ̀ yí padà.

Àṣìyé tó wọ́pọ̀ jù ń ti ibi pé ìwé méjì ló wà, ọ̀kan ṣoṣo là ń kà. JEDEC, àjọ tó ń gbé ìlànà ráàmù kalẹ̀ fún gbogbo ayé, ní kí ráàmù DDR3 lè fara da 1.80 láìbàjẹ́ pátápátá, bí kò tilẹ̀ jẹ́ dandan kí ó ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tó kọ 1.65 sára ráàmù kò purọ́. Ráàmù tirẹ̀ ló dán wò, ó sì rí i pé bí iná bá le díẹ̀ sí i, ráàmù náà lè sáré dé 1866 tàbí 2133. Ìwé kejì ni ti pùrósẹ́sọ̀. Fún jẹnẹréṣọ̀n kejì, àwọn bíi Core i5-2400, Intel kọ ọ́ pé 1.5 ni, wọ́n sì fi àyè ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ìyẹn láti 1.425 dé 1.575. Ráàmù tó lè fara da 1.80 ń bẹ lápá kan wáyà, pùrósẹ́sọ̀ tí ààlà rẹ̀ jẹ́ 1.575 ń bẹ lápá kejì. Òtítọ́ ni ìwé méjèèjì ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná kan náà bá ń bọ́ ẹni méjì, agbára ẹni tó lágbára jù nínú wọn kì í ṣe òṣùwọ̀n; ti ẹni tó rẹlẹ̀ ni, ẹni náà sì ni pùrósẹ́sọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dé ọwọ́ àwọn ènìyàn jù ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin DDR3 àti DDR3L. DDR4 kò lè wọ ihò DDR3. Ẹsẹ̀ ráàmù láptọ́ọ̀pù DDR3 jẹ́ 204, ti DDR4 jẹ́ 260, ibi tí wọ́n gé lára wọn kò sì bára mu, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe àṣìṣe ibẹ̀ á kọ́kọ́ ṣẹ́ nǹkan. DDR3 àti DDR3L kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Gígùn kan náà ni, ẹsẹ̀ 204 kan náà, gígé kan náà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn: PC3-12800S ń jẹ 1.5, PC3L-12800S ń jẹ 1.35. Lára ti Samsung, nọ́ńbà tó parí sí CK0 jẹ́ ti 1.5, èyí tó parí sí YK0 jẹ́ ti 1.35. Lára ti Kingston, KVR16S11 yàtọ̀ sí KVR16LS11, L tó wà láàrin ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí bébà náà bá ti ya, tàbí tí wọ́n ti fi bébà ìdánilójú ìsọ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Àjọṣe àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba, èyí sì ṣe pàtàkì gan-an. Ìlànà ní kí DDR3L lè jẹ 1.35, kí ó sì lè jẹ 1.5. DDR3 lásán kò mọ̀ ju 1.5 lọ. Nítorí náà, bí a bá fi DDR3L sínú EliteBook 8460p, kò sí ewu kankan. Ẹ̀rọ náà á fún un ní 1.5, ó sì máa gbà á. Bí a bá yí i padà, tí a fi DDR3 lásán sínú EliteBook 840 G1, ọ̀rọ̀ di òmíràn. Pùrósẹ́sọ̀ bíi Core i5-4300U tó wà nínú rẹ̀ kò gba DDR3 lásán, bọ́ọ̀dù rẹ̀ kì í sì í fún ráàmù ju 1.35. Iná yìí kéré fún ráàmù tó ń retí 1.5. Ojú ẹ̀rọ lè ṣú, kí iná bọ́tìnì Caps Lock máa ṣẹ́jú, tàbí kí ó tàn kí ó tún máa kú lójijì. Ẹnjiníà tí kò bá wo lẹ́tà lè sọ pé bọ́ọ̀dù ti lọ, oníbàárà á sì sanwó àtúnṣe ohun tí kò bàjẹ́. Àǹfààní kan wà nínú èyí ṣá: ẹ̀rọ náà kọ̀ láti ṣiṣẹ́, a mọ̀ pé nǹkan kan ò tọ́. Èyí tó burú jù ni ibi tí ẹ̀rọ á ti tàn, tí kò ní ráhùn.

Skylake ni àpẹẹrẹ ìyẹn. Pùrósẹ́sọ̀ Core i5-6500 gba oríṣi ráàmù méjì: DDR4, tàbí DDR3L ní 1.35. Dell fi DDR3L sínú OptiPlex 3040, wọ́n fi DDR4 sínú OptiPlex 7040, bẹ́ẹ̀ jẹnẹréṣọ̀n kan náà ni pùrósẹ́sọ̀ àwọn méjèèjì. Ní 2015 tí Skylake jáde, Intel sọ pé DDR3 tó ń jẹ 1.5 tàbí 1.65 lè ba pùrósẹ́sọ̀ náà jẹ́ bí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́. Síbẹ̀ àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù ta bọ́ọ̀dù Skylake tó lè gbé 1.5 àti 1.65 jáde, nítorí wọ́n fẹ́ kí ẹni tó ti ní DDR3 tẹ́lẹ̀ lè rà á. Ẹni tó bá to irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ á tẹ bọ́tìnì, Windows á ṣí, ohun gbogbo á máa lọ. Kò sí àmì kankan tí yóò sọ fún un pé 1.65 ti fi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ju ohun tí wọ́n ṣe pùrósẹ́sọ̀ náà fún lọ. Orúkọ jẹnẹréṣọ̀n nìkan kò sì tó láti fi dájọ́. Core i5-4570 ti orí tábìlì jẹ́ jẹnẹréṣọ̀n kẹrin bíi i5-4300U ti láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n 1.5 ló ń lò, ó sì gba DDR3 àti DDR3L pọ̀. Orúkọ pùrósẹ́sọ̀ ní kíkún ni a gbọ́dọ̀ mọ̀, títí dé lẹ́tà tó kẹ́yìn.

Ẹni tó bá fẹ́ tako èyí á kọ́kọ́ sọ pé òun mọ ẹ̀rọ tó ti ń lo 1.65 láti ọdún mélòó kan, tí kò sì kú. Mo gbà pé irú rẹ̀ wà, ó sì lè pọ̀. Àwọn tó ń ṣe pùrósẹ́sọ̀ máa ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ààlà tí wọ́n kọ, ṣíìpù méjì tó jáde lọ́jọ́ kan náà kì í sì í lágbára dọ́gba. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rí yẹn fi hàn ni pé ìbàjẹ́ náà kì í yá. Kò fi hàn pé kò sí. Ìjẹra awọ tiransísítọ̀ jẹ́ ohun tó ń kó jọ. Bí ó bá dé, kì í ṣe iná àti èéfín ló máa ń kọ́kọ́ hàn. Fáìlì kan á bàjẹ́ láìnídìí, Windows á máa gbé ojú búlúù jáde, ihò ráàmù kan nínú méjì kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, a ó sì máa pààrọ̀ ráàmù títí, nígbà tó jẹ́ pé apá pùrósẹ́sọ̀ tó ń darí ihò náà ló ti jẹra. Ẹ tún wò ó pé ẹni tó ra tòkunbọ̀ kò bá pùrósẹ́sọ̀ náà ní kékeré. Ẹnì kan ti lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lára àyè yẹn ní òkè òkun. Ohun tó kù nínú rẹ̀ ni a rà, a kò sì ní irinṣẹ́ tí a lè fi wọ̀n ọ́n.

Àtakò kejì lágbára ju èyí lọ. Wọ́n á ní ní ìlú tí Nẹ́pà ń ṣe bó ṣe wù ú, ta ni yóò máa ṣírò fóltì kékeré inú ráàmù? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, lẹ́yìn tí wáyà 330 kìlófóltì tó ń gba Ugwuaji lọ sí Apir bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá, Kàdúná pẹ̀lú, wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀; nígbà tí iná bá sì dé, kò dájú pé 230 ni yóò bá dé. Òtítọ́ ni pé iná tó ya wọlé lójijì ń pa kọ̀ǹpútà, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó má ra sitebiláísà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí iná ń gbà dé ráàmù jìn. Páwà páàkì á kọ́kọ́ sọ ọ́ di 12, 5 àti 3.3, ìlànà sì ní kí àwọn wọ̀nyí má yẹ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bọ́ọ̀dù á tún gba ibẹ̀ sọ ọ́ di 1.5, á sì dì í mú ṣinṣin. Bí Nẹ́pà bá rọra lọ sílẹ̀ tàbí sókè, ráàmù kò ní mọ̀. Bí ó bá sì ya wọlé, páwà páàkì tàbí odidi bọ́ọ̀dù ló sábà máa ń gbé lọ. Fóltì tí a yàn nínú BIOS kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú èyí. Sitebiláísà tó dára jù lọ kò lè gba ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ 1.65, nítorí iná tó dúró ṣinṣin gan-an ni bọ́ọ̀dù fi ń ṣe 1.65 náà, láti àárọ̀ di alẹ́. Ohun tí ìlú wa fi kún un ni ooru. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, ooru ọ̀sán ní Kàdúná máa ń lé ní 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, eruku ọyẹ́ tó ti wọ inú fáànù láti oṣù kejìlá kò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Bí ooru bá ń mú ìjẹra yá, ẹni tó ń gbé ní Kàdúná kò ní àyè láti ṣe fàmílétè-kí-n-tutọ́ pẹ̀lú ààlà tí wọ́n fi ibi tó tutù jù bẹ́ẹ̀ dán wò.

Àtakò kẹta á ti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ wá. Wọ́n á ní àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn ló gbé XMP jáde ní 2007, tí AMD sì gbé EXPO jáde ní 2022. Bọ́tìnì kan ni à ń tẹ̀ nínú BIOS, eré àti fóltì tí ilé iṣẹ́ ráàmù ti kọ sílẹ̀ á sì wọlé. Ṣé ilé iṣẹ́ á fi ohun tó léwu sínú bọ́tìnì ni? Ìdáhùn wà nínú ìwé ẹ̀rí àtúnṣe wọn: Intel àti AMD ka lílo ètò wọ̀nyí sí gbígbé ẹ̀rọ kọjá ìwọ̀n rẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀tọ́ àtúnṣe lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ṣíìpù kékeré kan ló wà lára ráàmù tí ètò náà wà nínú rẹ̀. Ó mọ ráàmù tó gbé e dáadáa, kò mọ pùrósẹ́sọ̀ tó wà ní òpin wáyà kejì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àwọn pùrósẹ́sọ̀ Ryzen 7000 kan, pàápàá àwọn tó ní X3D lórúkọ, jóná mọ́ inú ihò wọn. Nígbà tí wọ́n tẹ EXPO, bọ́ọ̀dù ti gbé fóltì apá tó ń darí ráàmù nínú pùrósẹ́sọ̀, èyí tí AMD ń pè ní SoC, sókè kọjá ibi tó yẹ. AMD pàṣẹ pé kí gbogbo bọ́ọ̀dù fi òpin sí i ní 1.3. Nǹkan kan kò ṣe ráàmù tí wọ́n fẹ́ mú yára. Pùrósẹ́sọ̀ ló forí fá a. Mi ò mọ ẹ̀rí tó lè ṣe kedere ju èyí lọ.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ráàmù tó bá wà nílẹ̀ ni à ń lò, èyí tí owó rẹ̀ bá sì kéré ni à ń rà; mi ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kíka lẹ́tà kò gba kọ́bọ̀. CPU-Z jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ń sọ orúkọ pùrósẹ́sọ̀ ní kíkún, abala SPD rẹ̀ sì ń sọ fóltì ráàmù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń lo Linux lè lo dmidecode. Intel tò ó sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún pùrósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan, irú ráàmù tó ń gbà àti fóltì rẹ̀. Ráàmù tí wọ́n kọ 1.65 sí lára kò sì di ohun àdànù fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń lo 1.5. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìlànà JEDEC nínú, tí wọ́n fi lè ṣiṣẹ́ ní 1333 pẹ̀lú 1.5. Kí a fi wọ́n síbẹ̀, kí a má tẹ XMP, kí a fi Memtest86+ dán wọn wò, ó tán. Àwọn OptiPlex àti EliteDesk kì í tilẹ̀ ṣí ààyè fóltì sílẹ̀ nínú BIOS wọn, ohun kan sì ni mo fi yìn wọ́n nìyẹn. Eré tí a pàdánù láti 1600 sí 1333 kò tó ohun tí ẹni tó ń tẹ Word tàbí tó ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì lè mọ̀ lára. Bí eré ló bá ń dùn ún, kí ó fi 4 gìgábáìtì méjì sí ihò méjì dípò 8 kan ṣoṣo. Ojú ọ̀nà ráàmù á di méjì, fóltì kò sì ní yí padà. Ní ti DDR3L, ẹni tó ń fi ínfátà tàbí bátìrì ṣiṣẹ́ tún ń jèrè: ráàmù tó bá ń jẹ 1.5 ń jẹ agbára tó fi nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ju èyí tó ń jẹ 1.35 lọ. Ìṣirò yìí kéré lórí ẹ̀rọ kan. Kò kéré ní ilé ìdánwò JAMB, tó ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá láti 2015, níbi tí wọ́n ti ń ra ráàmù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan; àṣìṣe lẹ́tà kan níbẹ̀ á kárí gbogbo yàrá.

Àwọn kan ń retí pé DDR5 á pa ọ̀rọ̀ yìí rẹ́, nítorí pé ẹ̀yà tó ń ṣe fóltì ti kúrò lórí bọ́ọ̀dù, ó ti bọ́ sára ráàmù fúnra rẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń gba 5 lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe 1.1. Èyí já okùn kan nínú àwọn okùn tó so àwọn méjèèjì pọ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àmì iná ṣì ń ti ara ráàmù lọ sára pùrósẹ́sọ̀, apá tó ń darí ráàmù nínú pùrósẹ́sọ̀ ṣì ní fóltì tirẹ̀ tí bọ́ọ̀dù ń yàn fún un, XMP àti EXPO sì lè gbé e sókè láìsọ fún ẹni tó tẹ bọ́tìnì. DDR5 ni àwọn Ryzen tó jóná ní 2023 ń lò. Kí DDR5 tó di tòkunbọ̀ tó pọ̀ lórí tábìlì wa, DDR3L àti DDR4 ni a ó ṣì máa bá yí. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn onísọ̀ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ báyìí ni pé kí wọ́n kọ orúkọ pùrósẹ́sọ̀ ẹ̀rọ oníbàárà sórí rìsíìtì ráàmù, kí wọ́n kọ PC3 tàbí PC3L tàbí PC4 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú fóltì. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti tàn ní ọjọ́ kejì, ẹni méjèèjì á ní ohun kan náà lọ́wọ́ láti wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé bọ́ọ̀dù ti kú.